Ìsàlẹ̀ Àgbá Epo

Ẹ̀mú wọ abẹ́ àgbá epo, ó la ẹnu, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì di orí ìṣó kan mú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó wo gbogbo ìṣó ìdí àgbá onígi yẹn kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kó yọ èyí tó bá ń mì, kó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn gan-an nìyẹn. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ Ẹ̀mú tó kó mọ ohun tó so nǹkan pọ̀, àti ohun tó lè mú kó tú.

Epo inú àgbá yẹn ni gbogbo Ìlú Irin gbọ́kàn lé. Nílùú náà, Àáké ni ọba. Ọkọ́ àti àdá ló ń ṣiṣẹ́ oko, ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́ ilé, ayùn ń la igi. Ní ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù á gba epo tí yóò fi para, á sì kán ẹ̀kán kan sínú àgbá kó tó lọ sinmi. Ẹ̀kán yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn fún ọba, ti ọjọ́ ogbó ni. Irin tó bá ṣiṣẹ́ títí tí ẹnu rẹ̀ fi jẹ tán yóò gun òkè àjà lọ sinmi. Inú àgbá ni wọn yóò ti máa bu epo tí Àkísà yóò máa fi pa á lára, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Irin tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tí kò sì rí epo, kí òjò ọdún kan tó dá, ó ti di ìyẹ̀fun pupa.

Òfin kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ àgbá náà. Àwọn baba ńlá wọn fi ẹfun fa ìlà sínú rẹ̀ lókè, wọ́n ní ohun tó wà nínú àgbá kò gbọ́dọ̀ fà kọjá ìlà yẹn láé. Olóyè Ìgbákọ ló ń bojú tó o. Ní ọjọ́ ọjà, á ṣí ìdérí, àwọn ará ìlú á yọjú wo inú rẹ̀, wọn á rí epo pupa tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ọkàn wọn á sì balẹ̀.

“Ẹ̀mú, ọmọ mi, ṣé abẹ́ ibẹ̀ lo ṣì wà?”

Ohùn Ìyá Ọkọ́ nìyẹn. Ọkọ́ àgbà yìí ti ro oko títí irin rẹ̀ fi kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

“Wọ́n ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni n óò gòkè àjà. Mo ní kí n wá kí epo mi ni o.”

“Ìyá, ẹ dúró ná. Ìṣó kan ń mì níbí bí eyín arúgbó.”

“Arúgbó wo? Má bú mi o!” Ìyá Ọkọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀mú fa ìṣó náà díẹ̀. Ara rẹ̀ yọ síta. Ìpẹtà ti bò ó jìnnà. Ìṣó tó wà nínú epo láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, níbo ló ti rí ìpẹtà? Ibi tó ti ń rò ó ni ẹ̀kán kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó, ó sì sáré gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Epo kì í sáré bẹ́ẹ̀. Kò pupa, kò sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Omi ni!

Ó ti ìṣó náà padà wéré, ó sì yọ síta. 

“Ìyá, omi ló wà nísàlẹ̀ àgbá yìí.”

“Omi? Ta ló ń fi omi para láàárín wa?”

Olóyè Ìgbákọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn. Kò bá wọn jà. Ó kàn ki orí bọ ẹnu àgbá, ó bu epo pupa kíki, ó gbé e káàkiri fún àwọn tó ti ń pé jọ.

“Ẹ wò ó dáadáa. Omi lèyí? Ẹ̀mú, ìrì ló kán sí ọ lójú. Máa lọ para, oríkèé rẹ ń dún.”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ara tù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kò rẹ́rìn-ín. Abẹ, tí ẹnu rẹ̀ mú jùlọ nínú wọn, bọ́ síwájú.

“Bí ó bá jẹ́ pé omi ló wà níbẹ̀, kí ni àwa ń kán ẹ̀kán wa sí? N kò ní kán lálẹ́ òní o!”

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gba ẹ̀gbẹ́ àgbá kọjá láìkán nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọba, ó sì pe ìgbìmọ̀ jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo ìlú ló tú síta.

Olóyè Ìgbákọ ló kọ́kọ́ dìde. “Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ fún wa. Òfin sọ pé ìlà, mo sì pa ìlà mọ́. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí rí ọjọ́ tí epo fà kọjá ìlà? Ṣé nítorí ìṣó kan tó dípẹtà ni a ó ṣe tú ìlú ká?”

Abẹ dìde. “Kábíyèsí, àwa ọ̀dọ́ kò sọ pé a kò ní tọ́jú àgbà. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé bí ẹnu tiwa náà bá jẹ tán, tí a dé ìdí àgbá, kí wọ́n má sọ fún wa pé epo ti tán. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú máa tọ́jú epo tirẹ̀ sí yàrá rẹ̀.”

“Abẹ, n kò bínú sí ọ,” ni Ìyá Ọkọ́ wí. “Ṣùgbọ́n èmi ti kán tèmi ná. Gbogbo iṣu tí ìlú yìí ń jẹ, èmi ni mo kọ ebè rẹ̀. Kábíyèsí, òjò ti ń ṣú. Ẹ̀kán mi dà?”

 Ẹ̀mú wá bọ́ sáàárín.

“Kábíyèsí, òkè ni gbogbo wa ti ń wo àgbá yìí. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ẹ bá da méjèèjì sínú igbá kan, epo ni yóò léfòó. Bí ẹnìkan bá bu epo lókè, tó sì da omi rọ́pò rẹ̀, epo tó kù yóò tún gòkè dé ìlà, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ jẹ́ kí n yọ ìṣó ìdí àgbá lójú gbogbo ìlú.”

Ariwo sọ. “Yóò da epo àwọn àgbà nù! Ẹ má gbà fún un o!”

Ọba Àáké gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ̀mú, bí ó bá jẹ́ epo ló kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ tí o bá gun àjà, o kò ní rí ẹ̀kán kan. Ṣé o gbà?”

Ẹ̀mú wo Ìyá Ọkọ́. Ó wo òjò tó ṣú bolẹ̀ lẹ́yìn ààfin.

“Mo gbà, Kábíyèsí.”

Ó gbé èèkàn igi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ìṣó mú, ó sì fà. Ìṣó dún kẹẹ. Ó tún fà. Fìì! Omi tú jáde, ó mọ́ gaara, ó fọ́n sí olóyè Ìgbákọ lára.

“Omi ni! Omi ni o!”

Abẹ fò sí etí àgbá, ó ń kígbe sí àwọn tí kò rí inú rẹ̀. “Ó ti kúrò nídìí ìlà! Ó ti dé ìdajì! Yéè, ó ṣì ń lọ!” Àwọn arúgbó ń sunkún, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo, gbogbo iwájú ààfin di ẹrẹ̀. Ẹ̀mú nìkan ni kò pariwo. Ojú ihò ló ń wò. Bí okùn pupa tíńrín ṣe yọ nínú omi náà ni ó sọ èèkàn sí ihò, ó sì dí i pa. Epo tó kù kò ju èyí tó bo ilẹ̀ àgbá lọ.

“Ìgbákọ,” ni ọba wí, “níbo ni epo lọ?”

“Kábíyèsí, ibi tí ẹ rán an lọ ni. Nígbà ìgbéyàwó yín, ẹ ní kí fìtílà máa jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí àlejò dé, ẹ ní kí gbogbo ọ̀dọ́ máa dán. Mo ní epo kò gbọ́dọ̀ fà kọjá ìlà, ẹ ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Omi ni mo rí ṣe sí i.”

Abẹ wo ara rẹ̀ tó ń kọ mànà, ojú tì í. Ọba wo èèkù tirẹ̀ tó ń dán bíi dígí. 

“Èmi ni mo jẹ̀bi,” ni ó wí. “Ẹ̀mú, kí la lè ṣe?”

Inú Ẹ̀mú dùn débi pé kò lè dúró lójú kan. Ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀, ó ki ọparun gígùn kan bọ̀ ọ́, ó sì fi èdídí tó ṣeé fà dí ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tí yóò bu epo lókè mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti oko bọ̀ lè fa èdídí, kó wo ohun tí yóò kán. Nítorí pé omi máa ń rọ́ sísàlẹ̀ ni, bí ẹnìkan bá da omi sínú àgbá, omi náà ni yóò kọ́kọ́ jáde, àṣírí onítọ̀hún yóò sì tú. Wọ́n fi ìdérí de òkè àgbá pinpin, ihò ẹ̀kán nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Fìtílà ààfin dín kù. Epo tí ọba fi ń dán di ti àgbá. Wọ́n sì pinnu pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣì mú yóò ṣe ìkórè kan sí i kó tó gòkè. “Èmi tí mo ti di ẹrù mi!” ni Ayùn ké, ìlú sì rẹ́rìn-ín títí òun náà fi rẹ́rìn-ín. Òjò tó ṣú náà kò tètè rọ̀, lójoojúmọ́ ni epo sì ń ga díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n pé jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Abẹ sì fa èdídí. Epo pupa kíki rọra ń jáde. Àkísà gbà á, ó fi pa Ìyá Ọkọ́ láti ọrùn dé ẹnu, wọ́n sì gbé e gòkè àjà. Òjò ń lu òrùlé kíkankíkan, Ìyá Ọkọ́ sì ń bá Ẹ̀mú ṣàwàdà láti òkè, gbígbẹ, dídán.

Nísàlẹ̀, Abẹ kán ẹ̀kán tirẹ̀ sínú àgbá. Ó tún kán òmíràn, fún alẹ́ tó kọ̀ láti kán, ó sì yà sápá kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó tò lẹ́yìn rẹ̀.