Máòsì Sherif Kò Jẹ́ Kí N Rí Orin Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbé àpótí yín wá sábẹ́ fáànù níbí. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó fi sápò ná. Ẹ̀rín ló ń pa mí báyìí o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo fẹ́rẹ̀ ju kọ̀ǹpútà síta gba ojú wíńdò.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tó ń dá orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Okokomaiko. Òfin wa ni pé ẹni tó bá dá orin ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ àwọn tó kù. Tí kò bá rí i kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, orin ẹlòmíràn la máa mú lọ. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, èmi ló kàn. Orin tá a máa kọ níbi wòlímọ̀ ní Ijanikin ni, ẹsẹ mẹ́fà. Èmi kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ìwé kejì ni mo kà mọ. Sherif ọmọ mi ló gba ohùn mi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ku wákàtí kan kí ẹgbẹ́ dé, ẹsẹ kẹta àti ìkarùn-ún fò lọ lórí mi. Pátápátá!

Sherif ti lọ sí Ìbà, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Mo ní kò burú. Ó ti fi hàn mí rí: gbé ọfà kékeré lọ sí igun ìsàlẹ̀, tẹ̀ ẹ́, àwọn áápù á tò jáde, kó o wá èyí tó ní àwòrán gbohùngbohùn pupa. Kí ló le níbẹ̀?

Ó le o! Apá òsì tábìlì ni máòsì tí wọ́n fi ń darí ọfà náà wà, torí ọlọ́wọ́ òsì ni Sherif láti kékeré. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i títí, kò tó o. Èmi ò ṣáà ní fi ọwọ́ òsì tọrọ nǹkan. Mo gbé máòsì bọ́ sí ọ̀tún, mo gbé ọfà dé igun ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Dípò áápù, ìwé pélébé kan ló yọ, òyìnbó rẹpẹtẹ lára rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìwé pélébé mìíràn! Mo bá fi orin sí i:

*Mo ní kó ṣí, ó ní òun ò ṣí,*
*Mo ní kó lọ, ó jókòó tì mí,*
*Ta ni mo ṣẹ̀ nílé yìí o?*

"Faridah!" Ìyàwó Sherif nìyẹn, tó ń ta èlò kọ̀ǹpútà ní Alábà. Ó ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. "Ìyàwó mi, ẹ̀rọ ọkọ rẹ ń fi mí ṣẹlẹ́yà!"

"Mọ́mì, ẹ fi ìka kejì tẹ̀ ẹ́!" ó pariwo láti kíṣìnì.

Mo fi ìka kejì tẹ̀ ẹ́. Áápù tò jáde lóòótọ́, wínníwínní bí èso ata. Mo ní kí n gbé ọfà dé ibi orin, ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀, ọfà fara kan ìlà kejì, gbogbo rẹ̀ bá yí padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọfà yọ̀ síta, gbogbo rẹ̀ pa dé! Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà! Mo yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí máòsì lẹ́ẹ̀kan, ó fo ojú ewé mẹ́ta.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àlájà Mùjídàt wọlé, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ti ní orin tirẹ̀ nílẹ̀.

"Ìyá Sherif, ẹ kú ìdí ẹ̀rọ o. Ṣé ká kúkú kọ tèmi ni?"

"Ẹ jókòó, Àlájà. Orin mi ń múra ni."

"Ó mà ń pẹ́ ní balùwẹ̀ o!"

Faridah jáde, ó ń nu ọwọ́. Ó tẹ máòsì, ìwé pélébé yọ sí òun náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ti pààrọ̀ bọ́tìnnì fún ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i fún yín."

"Rárá! Ṣé o máa wà nílé lọ́la tí mo bá tún fẹ́ ṣí i? Gbọ́, ẹni tó ṣe nǹkan yìí, ṣé kò ní ìyá ni? Tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, tó yíjú díẹ̀, ṣé o máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí? Kó ṣí gbayawu, kó dúró, títí n óò fi ní kó pa dé!"

Faridah wò mí. "Mọ́mì, òótọ́ lẹ sọ."

Ó ṣí àyè tèmi lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kó má bàa ba ti Sherif jẹ́, ó sì kó orin mi síbẹ̀. Ó dá bọ́tìnnì padà sí ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó jẹ́ kí áápù máa kún ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán ńláńlá, kó má lọ àyàfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí kẹ̀kẹ́ máa ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo wá gbé ọfà lọ, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, mo tẹ gbohùngbohùn pupa.

Ohùn mi jáde! Mo gbọ́ ẹsẹ kẹta, mo gbọ́ ìkarùn-ún, omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ pé, mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Àlájà Mùjídàt ló ní ká tún ẹsẹ ìkarùn-ún kọ, ó ní ó dùn ju àwọn tó kù lọ.

Faridah gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja wá. A jẹ, a pọ́n ìka lá, oníkálùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ, ikùn kún, orin lẹ́nu.