Èso Hetty Lórí Òṣùwọ̀n

Lábúlé wa ní Cheshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Seth Bracegirdle, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin gúsíbẹ́rì, èso roboto orí igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ko òun. Nínú oṣù Karùn-ún, ó ya wọ ọgbà Winnie Ollerenshaw, aládùúgbò mi, ó nàka sí igi gúsíbẹ́rì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Eṣinṣin aláyùn ti débí. Winnie, fa igi yìí tu kí o sì sun ún, kó tó ràn wá."

Lóòótọ́, eṣinṣin náà ti dé: orí dúdú, ikùn pupa rúsúrúsú. Ayùn tó wà nídìí rẹ̀ ló fi ń ha iṣan ewé kó tó yé ẹyin síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀, ìdin aláwọ̀ ewé tó ní àmì dúdú tótòtó, ń jẹun bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Àmọ́ igi yẹn ò ní èkejì láyé. Ọkọ Winnie ló gbìn ín láti inú hóró, ó fẹ́ sọ ọ́ ní Hetty, orúkọ ọmọ wọn tó kú, àmọ́ òun náà kú kó tó ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, èso tuntun kì í ní orúkọ àfi tó bá gun òṣùwọ̀n níbi ìdíje ọdọọdún tí a fi ń wá èso tó wúwo jù, tí alága sì ké orúkọ náà síta. Ohun tí Winnie ń wá nìyẹn.

"Èmi ni kí o kọ́kọ́ sun," ni Winnie fèsì. "Àbí èmi ni mo kọ̀wé pe eṣinṣin? Láti ibí dé Rọ́ṣíà ló ń gbé! Lọ wo abẹ́ ewé tìrẹ."

"Tèmi mọ́ tónítóní," Seth rẹ́rìn-ín.

Ojoojúmọ́ ni Winnie ń kúnlẹ̀, tó ń ṣa ìdin sínú omi ọṣẹ. Bí òjò bá dé, èmi ni mò ń di agboòrùn mú sórí igi, kí èso má bàa bẹ́. Inú ń bí mi sí Seth débi pé mi ò kí i mọ́. Síbẹ̀, ewé igi Winnie tán, èso rẹ̀ dànù, ó ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ ìdíje, èso àwọn ẹlòmíràn tó ẹyin adìyẹ. Seth ò pàtẹ nǹkan kan. Eṣinṣin ti jẹ igi tirẹ̀ ku ọ̀pá. Winnie gbé èso rẹ̀, tí kò ju ẹ̀wà lọ, sórí òṣùwọ̀n. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Winnie, má dójú ti ara ẹ. Gbé e kúrò," ni Seth wí.

"Mi ò gbé e. Ohun tó bá ti gun òṣùwọ̀n, kíké ni orúkọ rẹ̀. Ké e."

Látọjọ́ ìsìnkú ọmọ náà, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ yẹn níṣojú ìyá rẹ̀. Seth ṣí fìlà.

"Hetty," ó sọ ọ́ lábẹ́ ètè.

"Sókè sí i," ni Winnie wí.

Ó sì ké e.