Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Sẹ́ẹ̀lì Kọkànlélógójì

Bí ènìyàn bá wọ aṣọ funfun pẹ́ títí, yóò gbà pé dókítà lòun. Ohun tó ṣe mẹkáníìkì tí à ń sọ yìí nìyẹn. Mọ́tò tí ń fi bátìrì rìn ló ń tún ṣe, kò sí ọ́ìlì tí yóò ta sí i láṣọ, ló bá ra ẹ̀wù funfun gígùn kan, ó ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Dókítà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè pe orúkọ náà láìrẹ́rìn-ín, ẹni náà sì ni bàbá ìyàwó rẹ̀.

Bàbá yìí, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tísà, ló kọ́ Dókítà ní ìṣirò nílé ìwé. Òun ló fún un ní méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kẹta, tó ní kó lọ tún kíláàsì. Dókítà tún kíláàsì, ó yege, ó dàgbà, ó fẹ́ ọmọ Tísà, ó bí ìbejì, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti fojú kan àna rẹ̀, méjìdínlógójì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Tísà ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin báyìí. Ó ní mọ́tò kékeré kan tó ń lo bátìrì, ó ń wà á kiri, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ kó wà á mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, ó yọ èkejì lápò. Níkẹyìn wọ́n ṣe àdéhùn. Tísà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi rúlà fa ilà sábẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí bátìrì mọ́tò náà bá kú ni òun yóò jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra òmíràn fún òun; ṣùgbọ́n bí bátìrì kò bá tíì kú, kí kálukú pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Dókítà ni wọ́n yàn pé kó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mọ́tò náà dákú ní oríta. Kò kú pátápátá. Ó kàn ń wọ́ bí ìgbín, iná kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, Dókítà so tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó fi ń ka agbára bátìrì, mọ́ ọn.

Bátìrì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bíi yàrá inú ilé gbọọrọ, agbára kálukú sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí àárẹ̀ bá mú ọ̀kan, gbogbo ìyókù ni yóò dúró dè é. Nọ́ńbà ń yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì: 3.90, 3.90, 3.90. Ó kà á, ó kà á, ó dé orí sẹ́ẹ̀lì kọkànlélógójì. 3.71.

Inú Dókítà dùn débi pé ó dá dúró ó ń rẹ́rìn-ín. Kò ka ìyókù. Ó tẹ àwọn nọ́ńbà náà jáde sórí ìwé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyá Ìbejì, ó ti kú o."

"Ta ló kú?"

"Bátìrì Bàbá ni. Sẹ́ẹ̀lì kọkànlélógójì ló pa á."

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Mò ń mú wọn bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ náà."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ògiri ló kẹ́yìn sí, ara ògiri náà sì ni òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kọ òfin ṣọ́ọ̀bù sí gàdàgbà: KÍ O TÓ PE SẸ́Ẹ̀LÌ NÍ ÒKÚ, BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ARÁ YÀRÁ KEJÌ. Òfin yìí ló fi ń dá gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lágara. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wá nǹkan tipẹ́, bó bá rí i, kì í tún un wò.

Tísà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì jókòó sórí àga oníke láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Dókítà," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ló kú sí."

"Ẹ má bínú, sà. Sẹ́ẹ̀lì kan ló ti bàjẹ́. Bí ọ̀kan bá sì ti bàjẹ́, ìyókù ò lè dá rìn."

"Gbé ìwé wá."

"Ìwé kí ni, Bàbá?" ọmọ rẹ̀ dá sí i. "Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa bátìrì."

"Mi ò mọ bátìrì. Mo mọ ìwé."

Ó yọ bírò pupa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì, bírò pupa ò kúrò lápò rẹ̀. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní, ó ń máàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fo ìkankan. Dókítà dúró tì í, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún.

Bírò dúró. "Kí lo kọ síbí?"

"3.71, sà. Òun ló kú."

"Mo ti rí ìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Dókítà tẹ̀ síwájú, ó wò ó. 4.09.

"Èló ni àwọn méjèèjì jọ jẹ́?" Tísà bi í. "Ìṣirò ọmọ kékeré ni mo bi ọ́ o."

"7.80, sà."

"Mú méjì mìíràn tó wu ọ́. Èló ni wọ́n jọ jẹ́?"

"7.80 náà ni, sà."

"Nígbà tí mo ń ṣe tísà," Tísà sọ, ó ń de ìdérí bírò rẹ̀, "bí mo bá rí ọmọ méjì tí orúkọ wọn tẹ̀ léra, tí máàkì ọ̀kan ṣàdédé já wálẹ̀, tí ti èkejì sì fi iye kan náà gòkè, n kì í na ọmọ kankan. Ẹni tó kọ máàkì sílẹ̀ ni mo máa ń pè."

Ojú ti Dókítà, ojú tì í gan-an. Láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, wáyà tín-ín-rín kan wà tó ń sọ fún mọ́tò ohun tí kálukú ní. Olófòófó ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnu olófòófó bá dípẹtà, yóò gba ti ẹni yìí, yóò fi kún ti ẹnì kejì. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sún ògiri tó wà láàárín yàrá méjì: yàrá kan kéré, èkejì tóbi, ilé ò sì dín. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èyí jẹ́, Dókítà ló sì ń kọ́ni.

Ìyàwó rẹ̀ fà á lápá lọ sẹ́yìn mọ́tò mìíràn. "Bàbá Ìbejì, kí ló ṣe yín? Ẹ̀rọ ti ní ó kú."

"Ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, ẹ tún un sọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí Bàbá bá gbá ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ṣé ìgbà yẹn la máa wá mọ èyí tó kú?"

Kì í ṣe ìjà ló ń jà. Ẹ̀rù ló ń bà á, omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Obìnrin yìí ti dúró pẹ̀lú owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Irọ́ kékeré kan ló kù kí ilé tòrò. Dókítà rò ó. Bí òun bá pe alààyè ní òkú lójú ẹni tó fún òun ní méjìdínlógójì, kí òun kúkú bọ́ ẹ̀wù funfun náà fi nu ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e gun òkè," ó sọ fún Tísà. "Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣàìsàn, bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, òun nìkan ni yóò rì. Bó bá jẹ́ olófòófó, àròpọ̀ àwọn méjèèjì kò ní yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù."

"Ta ni yóò wà á?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Tísà ti jókòó sídìí ọkọ̀.

Wọ́n gbéra, Dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tísà, tábúlẹ́ẹ̀tì lórí itan rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọpẹ́ ni pé mọ́tò náà kò tíì kọjá eré ìgbín. Bí wọ́n ṣe kọjú sí òkè, gbogbo sẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí 3.80. Dókítà wo àwọn méjì tirẹ̀: 3.60, 4.00. Àròpọ̀ wọn dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Wọ́n bọ́ sí kòtò, ti ọ̀kan tún wálẹ̀, ti èkejì gòkè. Olófòófó ni. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, nítorí ní àkókò yẹn gan-an, oníkẹ̀kẹ́ kan ń bẹ́ sínú gọ́tà nítorí Tísà.

"Bàbá, oníkẹ̀kẹ́! Iná pupa!" ọmọ rẹ̀ pariwo.

"Iná wo?" Tísà bi í.

Kò bi í tìjàtìjà. Ó bi í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀. Dókítà gbójú sókè, ó rí iná náà lókè orí wọn, ó pọ́n wẹ̀, wọ́n sì ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, tí wọ́n tún dé ibẹ̀, Tísà tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́.

"Dókítà, àwọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Pupa ni, sà."

Ó dúró títí Dókítà fi sọ fún un pé ó ti yí padà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Dókítà pa iná bátìrì láti orísun rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó ṣí ìdérí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu wáyà kan ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ó gé e, ó fi ẹnu tuntun sí i, ó dé gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tó tún so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ó kà á láti orí èkíní dé orí ìkẹyìn. 3.90 ni kọkànlélógójì, 3.90 ni kejìlélógójì.

"Bátìrì yè, sà," ó sọ, ó sì gbé ìwé tuntun fún un. "Ẹ̀sùn èké ni mo fi kàn án."

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń ka òfin ṣọ́ọ̀bù.

Tísà gbé ìwé náà sún mọ́ imú, ó máàkì rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé bírò kúrò. Ó nà án sí Dókítà. Ó kọ ọ́ sókè ìwé pé, Bátìrì: 96 nínú 96. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, Awakọ̀: 38.

"Sà," Dókítà sọ.

"Àdéhùn wa ò mẹ́nu kan awakọ̀," Tísà sọ. "Bí mo bá fẹ́ ṣe agídí, èmi ni mo jàre." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí rẹ̀. "Mi ò rí iná náà rárá. Mi ò rí oníkẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú."

Ó ń ṣe Dókítà bí ẹni pé kó sunkún. Méjìdínlógójì tó ti ń lé e kiri láti ìgbà èwe rẹ̀ wá, òun náà ló wà níwájú rẹ̀ yìí, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá pé kì í ṣe tòun.

"Ẹni tó gba méjìdínlógójì kì í kúrò nílé ìwé, sà," ó sọ. "Kíláàsì ló ń tún. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó lọ rí dókítà ojú. Dókítà gidi o, kì í ṣe irú tèmi. Bí wọ́n bá tún ojú yín ṣe, àwa méjèèjì á jọ máa wà á ní gbogbo Sátidé lórí pápá ẹ̀yìn yìí, títí ẹ ó fi yege."

"Bí mi ò bá yege ńkọ́?"

"Mo máa fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀."

Tísà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́.

"Ó dáa, Dókítà," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín.