Bíréèkì Iwájú

Òwú funfun ni mo ń wá lọ́jọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi dí ọ̀nà àpótí tí mo ń kó òwú sí, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láìmọ̀ọ́mọ̀, ìka mi fún bíréèkì iwájú. Ó rìn títí ó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó rọ̀ bíi fóòmù. Mo tún un fún, bákan náà ni. Kẹ̀kẹ́ ò dúró, ó ń yí lọ ní tirẹ̀.

Télọ̀ ni mí. N kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì mọ ohun tó yẹ kó dúró tí kò dúró. Orí òkè ni ilé wa wà. Láti ẹnu ọ̀nà wa, títì dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lọ sí ìkóríta tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ìyàwó mi ń gbà láràárọ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́.

Mo bá a ní ìdáná, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

"Bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ ti lọ," mo wí.

"Mo mọ̀."

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó ṣan abọ́ náà, ó dojú rẹ̀ dé. "Mi ò rò pé ó ṣe nǹkan kan."

Ohùn tí èèyàn fi ń sọ pé iyọ̀ ti tán ló fi sọ ọ́. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí níbẹ̀, kò bà mí. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti kú, kò sí ohun tó ń wọ̀ mí lára mọ́. Mo kàn mọ̀ ọ́n lórí ni, bí mo ṣe ń mọ gígùn apá oníbàárà: obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ òkè yẹn láìsí bíréèkì iwájú, tó ní kò ṣe nǹkan kan, kò bìkítà bóyá òun dé ìsàlẹ̀ tàbí òun ò dé.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, àìsàn ló mú un lọ. Àwọn tó wá kí wa ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ń wo agbè náà lójoojúmọ́, ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó wá pòwe yẹn, kò sẹ́ni tó yí agbè wò bóyá ó ti sán. Èyí tó tún burú ni pé a ò mọ ohun tí a ó máa pe ara wa mọ́. Orúkọ ọmọ la fi ń pe ara wa, bàbá lágbájá, ìyá lágbájá. Nígbà tí ọmọ ń lọ, ó kó orúkọ àwa méjèèjì dání. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ṣe ni mo ń wúkọ́. Òun á fi ìka kan tábìlì. Àlejò tó bá gbọ́ wa á rò pé òtútù ló ń mú mi, pé gbèsè ni ìyàwó mi sì wá sìn.

Mẹkáníìkì àdúgbò wo kẹ̀kẹ́ náà, ó mi orí. Ó ní òun kì í fọwọ́ kan bíréèkì olómi tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, oníwáyà lòun mọ̀, kí n lọ wò ó lórí fóònù.

"Atẹ́gùn ló wọ inú ọ́ìlì rẹ̀, bàbá," ó wí. "Ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀, atẹ́gùn ló ṣeé fún. Tẹ́ ẹ bá ti lé atẹ́gùn jáde, ó parí."

Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò ní ṣe é. Mo wo fídíò títí ojú fi ń ro mí. Mo ti ra ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò kí n tó gbọ́ pé ó máa ń ba rọ́bà inú irú bíréèkì tiwa jẹ́, mo sì padà lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ìyàwó mi, mo tẹ́ àkísà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó wà nínú ilé. Mo tú táyà iwájú, mo yọ páàdì méjèèjì tó ń dá táyà dúró kí ọ́ìlì má bàa kàn wọ́n, mo fi pátákó pẹlẹbẹ há àyè wọn. Lókè, mo ṣí ìdérí ibi tí ọ́ìlì ń gbé, mo rọ tuntun kún un. Nísàlẹ̀, mo fi rọ́bà tín-ín-rín bọ ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré kan, mo ki orí kejì rọ́bà náà sínú ìgò òfìfo. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan ní láti fún bíréèkì lókè, kí ẹnì kejì ṣí nọ́ọ̀tì kí ọ́ìlì lè gbé atẹ́gùn jáde, kó sì tì í padà kí tòkè tó jọ̀wọ́.

Mo wúkọ́. Ó wá.

"Fún un," mo wí, ó sì fún un. "Dì í mú bẹ́ẹ̀." Mo fi sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì. "Mo ń tú u."

Òun náà tú u. Ó jọ̀wọ́ bíréèkì nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì wà ní ṣíṣí, rọ́bà sì fa atẹ́gùn wọlé padà.

"Kí ló dé tí o fi tú u?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tú u."

"Mo ní mo ń tú u. Èmi. Nọ́ọ̀tì ni mò ń bá wí."

"'Tú u' ni mo gbọ́."

A tún un ṣe, a tún bà á jẹ́. Nígbà kẹta, òun ló bi mí pé, "Ṣé kí n tú u?" Èmi tí mo dorí kodò nísàlẹ̀ gbọ́ tú u, mo sì tú u, ọ́ìlì fọ́n sí mi láyà. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ẹ jẹ́ ká pín ọ̀rọ̀ náà," ó wí. "Ẹ̀yin, ẹ máa ní mo ṣí i, mo tì í. Èmi á máa ní mo fún un, mo fi í sílẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ tú níbí mọ́."

Láti ìgbà ìsìnkú, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fún un."

"Mo ṣí i. Mo tì í."

"Mo fi í sílẹ̀."

Ọ́ìlì tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí omi aró. Hóró atẹ́gùn ń tẹ̀lé e nínú rọ́bà, ńlá, lẹ́yìn náà wẹ́wẹ́. Mò ń rọ ọ́ìlì kún tòkè kó má bàa gbẹ, a sì ń wí i lọ. N kò ní purọ́ pé ọkàn mi rọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú mi, àfi pé mo fẹ́ kí hóró tó kù jáde. Nígbà tó yá, mo rí i tó fi ọwọ́ kejì ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn láti fún un.

"Fi í sílẹ̀, kó o sinmi," mo wí.

"Rárá. Ẹ ṣí i."

Mo ṣí i. Ọ́ìlì mímọ́ ló jáde, kò sí hóró kankan nínú rẹ̀. Mo tì í. Ó tún un fún, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti le," ó wí.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo nu irin rẹ̀ dáadáa. Mo ní kó kọ́kọ́ dán an wò níbi tó tẹ́jú lẹ́yìn ilé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ síta, ó gùn ún, ó dorí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ ni ẹ̀rù wá bà mí. Ẹ̀rù tí n kò rí láti ọjọ́ yìí dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń lọ, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fún bíréèkì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá ní ìkóríta, òmíràn ń bọ̀. Mo fẹ́ ké pè é, n kò rí ohun tí mo lè pè é. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Fún un! Fún un!" Ó ti jìnnà ju ẹni tó lè gbọ́ lọ.

Orí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó dúró síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kejì ń kọjá níwájú rẹ̀. Ó tún dúró fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀nà ti dá. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.

Ó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè bọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó fún bíréèkì kejì lójú mi, bíréèkì náà rìn wọ́ọ́rọ́ títí ó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Tẹ̀yìn náà ti rọ̀," ó wí. "Ẹ bá mi ṣe é, kí n tó gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."