Ibi Tí Béèsì Kú Sí

Ó tún ti béèsì sókè sí i. Gíláàsì ojú fèrèsé gbọ̀n, eruku sì já bọ́ láti òkè àjà, ṣùgbọ́n níbi tó dúró sí nídìí míksà tí wọ́n fi ń darí ohùn, láàárín gbọ̀ngàn gan-an, kò sí béèsì. Orin ń dún lóòótọ́. Ohùn olórin wà níbẹ̀, gìtá wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ orin náà, èyí tó máa ń gbá ni láyà kó tó dé etí, ni kò rí.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n gbé àwọn sípíkà béèsì wọlé láàárọ̀, méjì sí apá òsì pèpéle, méjì sí apá ọ̀tún. Sípíkà béèsì kì í ṣe ohun tí à ń gbé sílẹ̀ bí ẹni gbé àga. Ohùn rẹ̀ a máa gbá ògiri padà wá, a pọ̀ lápọ̀jù níbì kan, a sì pòórá níbòmíràn, nítorí náà ẹni tó bá ń tò ó gbọ́dọ̀ ní etí. Etí ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Etí-Ológbò ni gbogbo oníṣẹ́ ohùn ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ sì máa ń ráhùn pé òun ò lè fọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòfófó láti yàrá kejì.

Àmọ́ iṣẹ́ yìí kan náà ni bàbá rẹ̀ ṣe, ìdí sípíkà ló sì di adití sí. Nígbà ogbó rẹ̀, bí ilé bá kún tí ẹnì kan sì dápàárá, bàbá á máa wo ojú wọn, á dúró kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni á wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ba ọmọ rẹ̀ lẹ́rù ju òkùnkùn lọ.

"Ó ti dé," ló wí nínú ara rẹ̀. Ọ̀gá gbọ̀ngàn ti ṣèlérí pé bí ètò ìrọ̀lẹ́ òní bá dùn, Etí-Ológbò ni yóò máa bójú tó ohùn ibẹ̀ títí lọ. Ta ni yóò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé adití lọ́wọ́?

Àfi bíi pé gbogbo ayé tiẹ̀ ti gbìmọ̀ pọ̀ lé e lórí. Láàárọ̀, kí wọ́n tó tan orin kankan, obìnrin tó ń gbálẹ̀ fi ìka di etí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ariwo yìí la máa gbà títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Àǹtí, a ò tíì tan nǹkan kan o," ló dá a lóhùn, ó sì fi í ṣe ẹ̀rín. Àwọn kan kì í dúró kí ariwo dé kí wọ́n tó bínú sí i.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ̀ pé bí béèsì bá sọnù, ẹsẹ̀ la fi ń wá a. Kó rìn lọ sí òsì, kó rìn lọ sí ọ̀tún, kó tẹ́tí. Kò kúrò lójú kan. Bó bá rìn dé iwájú sípíkà tí kò sì gbọ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó yáa tún ti béèsì sókè.

"Bọ̀dá! Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé yìí ni?" Àbúrò rẹ̀ sáré kúrò lẹ́bàá sípíkà òsì, ó ń bọ̀ tìbínútìbínú. Nígbà tó dé ìdí míksà, ó dúró, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Etí-Ológbò gbá a lọ́wọ́ mú. "Jọ̀ọ́, má tàn mí. Ṣé ò ń gbọ́ béèsì níbí?"

"Béèsì wo? Kò sí béèsì níbí."

"O ò gbọ́ ọ?"

"Ibí gbẹ pátápátá." Lójijì ló káwọ́ lérí. "Yéè! Wáyà apá ọ̀tún! Èmi ni mo tún ẹnu ẹ̀ so lánàá."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ti so pupa síbi tó yẹ kí dúdú wà. Bí sípíkà òsì ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síta ni ti ọ̀tún ń fà á wọlé, àwọn méjèèjì wá ń pa ohùn ara wọn láàárín gbọ̀ngàn, níbi tó kọ̀ láti kúrò gan-an. Ó dín béèsì kù, àbúrò rẹ̀ yí wáyà padà, wọ́n tan orin. Ó gbá a láyà, gbì. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tijú. Ó ní kí àbúrò òun má bẹ̀bẹ̀ rárá, pé òun á tiẹ̀ ra ẹ̀bùn fún un.

Wọ́n pa orin kí wọ́n lè sinmi. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn.

"Bọ̀dá, ẹ wá bá mi pa nǹkan yẹn náà."

"Nǹkan wo?"

"Èyí tó ń han fíín bí ẹ̀fọn yìí. Látàárọ̀ ni, àǹtí tó ń gbálẹ̀ náà ń ṣàròyé. Ṣájà kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan tó jábọ́, ó sì fi etí kan ṣájà náà. Ó gbóná díẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé etí kejì sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tó sì ti ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn.

Ó fà á yọ lára iná, ó sì gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀. Èjìká ìyẹn sọ̀ kalẹ̀.

"Háà, etí mi sinmi," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Etí-Ológbò ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó ti rẹ́rìn-ín dáadáa, òun náà wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀.