Búlúù Tó Fẹ́ Jọra

Ara Àbíkẹ́yìn kò lélẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn lọ́la, àárín ìbora tó ń fi àjákù aṣọ òwú aláwọ̀ kan rán fún un ṣì ṣófo, aṣọ búlúù rẹ̀ sì ti tán. Nínú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ó tún gbé aṣọ búlúù kan lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi í wé àjákù tó mú wá.

“Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gbé aṣọ mi sá ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Nínú oòrùn, wọn ò bára mu.”

“Ta ló máa mọ̀?”

“Ìyá mi. Aránṣọ ni wọ́n.”

Aláṣọ bú sẹ́rìn-ín. “Mú èyí tí kò jọ ọ́ rárá, wọn á rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

Àbíkẹ́yìn fa aṣọ òwú yẹ́lò kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Aṣọ náà kì dáadáa.

“Ẹ tètè gé e, mà, kí ọkàn mi tó tún máa lọ sókè sódò.”