Ohun Tí Glenys Kọ sí Ihò Kọkànlá

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù Clarrie yí gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá, ó dúró. Clarrie rọra tún un gbá, ó wọlé. Glenys ti kà á dáadáa: ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni bàbá arúgbó náà gbá a kí ó tó wọ ihò kọkànlá. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ mẹ́rin sí káàdì bàbá náà.

Ogún ọdún ló ti ń dúró de nọ́ńbà yẹn.

"Mélòó ni mo gbá níbí?" Clarrie ń fi irin pẹlẹbẹ fá iyanrìn ẹnu ihò náà kó lè tẹ́jú fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òjò kì í tó hu koríko ní ìlú wọn, Wirrabilla. Iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ló yí gbogbo ihò wọn ká.

"Ẹ má dààmú, Baba. Mo ti kọ ọ́."

"O ṣeun, ọmọ Merv. Orí tèmi yìí, ti àgùntàn sàn jù ú lọ."

Ọmọ Merv! Ó tún láyà láti dá orúkọ yẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹni tó bá ń gbá gọ́ọ̀fù kì í kọ káàdì ara rẹ̀; ẹni tó ń bá a gbá ló ń kọ ọ́, òun á kàn fọwọ́ sí i. Bí iye inú káàdì bá fi ọ̀kan péré dín sí iye tó gbá, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Bí Clarrie ti ṣe bàbá Glenys nìyẹn, lọ́dún tí ife ẹgbẹ́ ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Clarrie kọ mẹ́ta fún un níbi tó ti gbá mẹ́rin. Merv fọwọ́ sí i. Àwọn kan pè é lólè. Kò tún dé ilé ẹgbẹ́ mọ́. Títí tó fi kú, gbogbo Sátidé ló ń tún wáyà ọgbà oko tí kò bàjẹ́ ṣe.

Clarrie ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì dé orí pátákó àwọn olúborí rí. Lónìí, ó ń gbá bí ọ̀dọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, kó dìde, kó rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Glenys yóò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, òórùn ẹran àgùntàn yíyan àti elégédé ti gba gbogbo ilé ẹgbẹ́. Lójú fèrèsé, àwọn kangarú nà gbalaja sábẹ́ igi. Clarrie fọwọ́ sí káàdì rẹ̀ láìwò ó, ó jù ú sínú àpótí Denise, akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Ó ti wọlé o," Denise wí. "Kò sí àtúnṣe mọ́."

"Bí ìgbéyàwó mi ṣe rí náà nìyẹn."

Clarrie na káàdì Glenys, tí òun náà ti kọ, sí i. Glenys yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó ń wá pàkúté. Ihò kẹta: mẹ́rin dípò mẹ́fà. Ìkeje: mẹ́fà dípò mẹ́rin. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún: mẹ́ta dípò márùn-ún. Kò sí pàkúté tó rí báyìí, tó ń dín níbìkan, tó ń lé níbòmíràn.

"Baba Clarrie, mẹ́ta lẹ kọ ṣì."

"Mẹ́ta péré? Mo mà ti ń gbìyànjú!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Tún un ṣe, ọmọ mi. Bàbá rẹ ló máa ń bá mi tún un ṣe, á máa bú mi. Ọjọ́ kan péré ni kò wò ó. Ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé yín láti lọ bẹ̀ ẹ́. Kò ṣílẹ̀kùn."

Glenys rántí ìlẹ̀kùn náà. Òun ni bàbá rẹ̀ rán pé kó lọ tì í.

Denise ń fi ṣíbí lu ife. "Gbígbá mẹ́ta ló fi ṣíwájú gbogbo yín! Clarrie Purtell!"

Ilé pariwo. Clarrie kò lè dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó bú sẹ́kún. Glenys ló fà á sókè. Ó wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò bínú sí. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sí káàdì rí.